Wọ́n ní àwọn ti gbé ìwé náà fún mi, ta ni wọ́n gbé e fún?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí, tẹ́ ẹ ti sanwó tán, tí ọjà ò wá dé, ẹ bá mi jókòó síbí ká jọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí tiyín máa ń dé lásìkò, ẹ kú oríire o, ṣùgbọ́n ẹ má tíì kúrò ńlẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀la. Ọ̀rọ̀ aṣọ kọ́ ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàtà, kì í sì í ṣe ti fóònù. Ìwé ni. Ìwé ìtàn kan ṣoṣo tí mo fowó ara mi rà, tó lo ọjọ́ 59 lójú ọ̀nà tí mọ́tò ń rìn láàárín wákàtí díẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní, "Nítorí ìwé lásán?" Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tuntun létí mi, ọkọ mi náà sọ ọ́. Ó ní tó bá jẹ́ fíríìjì ni mo rà tí ò dé, òun máa bá mi débẹ̀, a ó jọ jà á, ṣùgbọ́n òun ò lè torí ìwé wọ mọ́tò. Mo ní kò burú. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ fún yín, tí fíríìjì tòní ò bá dé, èèyàn á ra ti ọ̀la, omi tútù kan náà ló máa ń ṣe. Ìwé ò rí bẹ́ẹ̀. Tí gbogbo ayé bá ń sọ̀rọ̀ ìwé kan, tó wá jẹ́ pé ìwọ nìkan lo ò tíì kà á, ṣe ni wàá máa sá fáwọn èèyàn bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Ìwé tí mò ń wí yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló kọ ọ́. Orúkọ ẹ̀ gùn gbọọrọ, Chronicles from the Land of the Happiest People on Earth. Ká sọ ọ́ ní kúkúrú, ìtàn ilẹ̀ àwọn tínú wọn dùn jù láyé ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwa ni wọ́n ń bá wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà díẹ̀ máa rántí pé lọ́dún 2003, ìròyìn kan jáde pé àwọn tó ń ṣèwádìí káàkiri ayé ti béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn orílẹ̀-èdè tó lé ní 60 bóyá inú wọn dùn, Nàìjíríà ló sì gba ipò kìíní. Àwa tí a ò níná, tí a ń tò fún epo, àwa la ní inú wa dùn jù. Ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá lára, ni wọ́n bá fi ṣe orúkọ ìwé.

Ní ìparí ọdún 2020 ni Bookcraft gbé e jáde ní Ìbàdàn. Àwọn òyìnbó ìlú ọba àtàwọn ará Amẹ́ríkà ò rí tiwọn títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ẹ ò rí i pé ẹ̀ẹ̀kan yìí, àwa la kọ́kọ́ jẹ ẹ́! Mo ti yára sọ ọ́ báyìí kẹ́nikẹ́ni má lọ rò pé àwọn tó tẹ ìwé náà ni mò ń bá jà o. Àwọn ṣe tiwọn. Àwọn tí mo sanwó fún ni mò ń bá jà, mi ò sì ní dárúkọ wọn.

Ẹ wá jẹ́ n sọ ìdí tí ara mi ò fi lélẹ̀.

Bàámi ni mo torí wọn rà á. Tíṣà ni wọ́n, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń gbé, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìntì. Ọdún 1965 tí Ṣóyínká kọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, The Interpreters, Bàámi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ni, owó oṣù wọn ni wọ́n sì yọ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi rà á. Ìwé náà ṣì wà nílé. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, bébà kàlẹ́ńdà ni wọ́n fi di í. Lọ́dún 1973, ìkejì jáde, Season of Anomy, wọ́n tún rà á. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń retí ẹ̀kẹta. Ṣóyínká kọ eré oníṣe, ó kọ ewì, ó kọ ìtàn ìgbà èwe ara ẹ̀, Aké, lọ́dún 1981, ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1986, òun sì ni ọmọ adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á fún ìwé kíkọ. Ọ̀kan lára ìwé Fágúnwà tó sọ di èdè òyìnbó, ọdún 2010 ló jáde. Bàámi ka gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti rí bàbá onírun funfun yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń bá ìjọba jà, ẹ ó gbọ́ wọn lórí àga: "Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

Ọdún 47 ni wọ́n fi bi í léèrè.

Ní ọdún 2016, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Bàámi lẹ́nu. Dókítà ní glaucoma ni, àrùn tí wọ́n máa ń pè ní olè ojú, torí kì í dun èèyàn, kì í ta èèyàn, ṣe ló kàn máa ń jí ìríran kó láti ẹ̀gbẹ́, títí tí yóò fi kan àárín. Èyí tó bá ti jí lọ, kì í dá a padà. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú, èyí tó kù ló ń bá wọn ṣọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 2020, ojú òsì wọn ò rí nǹkan gidi mọ́. Wọ́n ní ojú ọ̀tún rí bí ìgbà téèyàn ń yọjú nínú ihò kọ́kọ́rọ́. Láàárọ̀ nìkan ni wọ́n lè kàwé, láti nǹkan bí aago mẹ́jọ títí di mẹ́wàá, ní fàràǹdá, tí oòrùn bá wà lẹ́yìn wọn, pẹ̀lú awò ọlọ́wọ́ gígùn kan tó ń sọ lẹ́tà di ńlá.

Mo wá pè wọ́n lórí fóònù pé, "Bàámi, ẹ̀kẹta ti jáde o."

Wọn ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo rò pé láìnì ti já ni. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ṣé lẹ́tà ẹ̀ ò kéré jù?"

Mo ní mi ò tíì rí i. Wọ́n ní, "Tètè rà á. Ojú yìí ò ní dúró de mọ́tò."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé sùn.

Mo pe ilé ìtàwé méjì ní Ìkẹjà, àwọn méjèèjì ní èyí tó kọ́kọ́ dé ti tán, pé ó di lẹ́yìn ọdún. Mo bá wo orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan, tí ìpolówó wọn wà lára bọ́ọ̀sì, ní í. Àwòrán ẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ó wà nílẹ̀, pé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni yóò dé ọwọ́ ẹni. Wọn ò gbà kéèyàn sanwó nígbà tí ọjà bá dé, káàdì ni wọ́n fẹ́. Mo san án lọ́jọ́ Mọ́ńdè, 14 oṣù Kejìlá, ọdún 2020, owó ìwé àti owó ìgbéwá. Mo ka ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún lórí ìka ọwọ́ mi, ó bọ́ sí ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e. Kérésìmesì máa bá ìwé lọ́wọ́ mi, màá gbé e lọ sí Abẹ́òkúta.

Àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Wọ́n ní àwọn ti rí owó mi. Wọ́n ní àwọn ti di ọjà mi. Wọ́n ní ó ti wà lójú ọ̀nà. Ojú ọ̀nà yẹn ló wà tí Mọ́ńdè fi kọjá. Ojú ọ̀nà yẹn náà ló wà tí Kérésì fi dé. Ọ̀nà wo? Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀, orin ni wọ́n fi sí mi létí, orin náà sì ń jẹ owó fóònù mi. Nígbà tí ọmọbìnrin kan gbé e níkẹyìn, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé, "Ẹ má bínú, ma, afárá Third Mainland tí wọ́n ń tún ṣe ló fa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ." Lóòótọ́ ni wọ́n ń tún afárá yẹn ṣe, àtoṣù keje ọdún náà ni wọ́n ti dí apá kan ẹ̀. Àmọ́ Agége ni mò ń gbé! Kí ló kan afárá orí ọ̀sà nínú ìrìn láti Ìbàdàn sí Agége? Mo bi í, ó tún fi orin sí mi létí.

Ẹ sì rántí bí ìgbà yẹn ṣe rí. Kòrónà tún ti gbérí lẹ́ẹ̀kejì. Ìjọba ní síìmù tí a ò bá so mọ́ NIN, wọ́n máa tì í pa. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí wọ́n bá ti láìnì mi pa lọ́jọ́ tí ọmọ tó gbé ìwé bá dé, báwo ló ṣe máa rí mi? Mo so síìmù mi kí n tó so tọkọ mi. Ó ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní.

Ọwọ́ lásán ni mo fi dé Abẹ́òkúta. Bàámi ò bi mí léèrè títí a fi jẹun tán. Wọ́n wá ní, "Ó ti kúrò lọ́wọ́ wọn?" Mo ní ó ti kúrò. Wọ́n ní ó dáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí wọn ní fàràǹdá pẹ̀lú awò lọ́wọ́, The Interpreters ni wọ́n tún ń kà.

Ní ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá kan wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó wa, ọmọ Ìbàdàn ni, àbúrò ẹ̀ ló ra tiẹ̀ wá fún un. Ìgbà tí a bá ń jẹun ọ̀sán ló máa ń kà á, kì í sì í kà á jẹ́jẹ́. Á ní, "Háà!" Á fọwọ́ gbá tábìlì. Á ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe níbí yìí!" Èmi á ti di etí. Ohun tí mo gbọ́ kí n tó rí ìdí dì í ni pé dókítà oníṣẹ́ abẹ kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ Menka, tó wá mọ̀ pé àwọn kan ń fi ẹ̀yà ara èèyàn ṣòwò, pé wọ́n ń tà á fáwọn tó ń wá agbára àti owó. Ẹ̀yin tó ń ka ìwé ìròyìn yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣé irú ẹ̀ ṣàjèjì sí yín? Mo ní kí ọ̀gá náà jọ̀ọ́, kó yá mi tó bá kà á tán. Ó ní ìyàwó òun ló kàn, lẹ́yìn ìyàwó òun, pásítọ̀ wọn ni. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo wá ka tèmi, torí oníwàásù kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Papa Davina, ó sì wù mí kí n mọ bí ojú pásítọ̀ yẹn ṣe rí nígbà tó débẹ̀. Èyí tí mo máa sọ nínú ìtàn náà nìyí o. Ẹni tó kú, ẹni tó pa á, ẹ lọ kà á.

Ọjọ́ Tuside, 5 oṣù Kìíní ọdún 2021, ni ọ̀rọ̀ náà wá bẹ́yìn yọ. Mo wà nínú dáńfó nígbà tí fóònù mi dún. Wọ́n ní ọjà mi ti dé ọwọ́ mi. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ tí mo bá àwọn rajà.

Dé ọwọ́ ta ni?

Mo pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ẹnì kan ló gbà á fún mi nílé, pé "Security" ni orúkọ tó kọ síbẹ̀. Sìkiọ́rítì wo? Ilé tí à ń gbé, àgádágodo ni sìkiọ́rítì wa. Mo délé, mo ń béèrè láti yàrá dé yàrá, ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan kan. Mo kan ilẹ̀kùn ìyàwó lándílọ́ọ̀dù torí àwọn ló máa ń wà nílé lọ́sàn-án. Mo bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan gbé ìwé wá fún mi lónìí?" Ó ku bí mo ṣe máa ṣàlàyé, wọ́n ti yọ gèlè. Ṣé èmi ń pe àwọn lólè ni? Kí làwọn fẹ́ fi ìwé ṣe? Pé láti ọdún tí wọ́n ti kọ́lé náà, ayálégbé kan ò wá abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn rí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò dá mi lóhùn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mò ń kí wọn tí wọn ò jẹ́ mi. Àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ò sì mọ̀ pé àtẹ̀jíṣẹ́ ìlà méjì táwọn fi ránṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe pé ìwé náà pẹ́. Mo jókòó, mo rò ó dáadáa. Ṣóyínká pẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ọdún 47 ni Bàámi fi dúró dè é, mi ò gbọ́ kí wọ́n bú u lọ́jọ́ kan. Kí ló dé tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi wá ń gbé ẹ̀jẹ̀ mi ru? Torí Ṣóyínká ò ṣàdéhùn fún ẹnikẹ́ni. Kò gbowó Bàámi lọ́dún 1973 kó ní kí wọ́n máa retí òun láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Kò fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún 1990 pé ẹ̀kẹta ti wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá ṣèlérí, èèyàn lè dúró dè é títí. Ẹni tó gbowó, tó dá ọjọ́, tí ọjọ́ pé, tó wá wo èèyàn lójú tó ní, "Mo ti fún ẹ," ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdádúró mọ́. Irọ́ ni. Tó bá sọ fún mi lọ́jọ́ kìíní pé ìwé ò sí nílẹ̀, mi ò bá ti wá ọ̀nà mìíràn, n bá ti bẹ ọ̀gá ọ́fíìsì wa kí àbúrò ẹ̀ bá mi rà á. Irọ́ yẹn ló gba àárọ̀ Bàámi lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ àárọ̀ tó kù lójú yẹn ò pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ yìí bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 2012 tí rírajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í gbòde lọ́dọ̀ wa, kí ló jẹ́ káwọn èèyàn dá a lọ? Wọ́n ní ká má sanwó títí ọjà á fi dé. Wọ́n mọ irú ẹni tí a jẹ́. Ọmọ Yorùbá ò ní sanwó iṣu tí kò tíì gbé sókè, kó yí i padà, kó wo ìdí ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n wá ń mú wa kúrò níbẹ̀, káàdì dé, owó wá ń ṣáájú ọjà. Tó o bá ti sanwó tán, ta lo máa di aṣọ ẹ̀ mú?

Ẹ wá fi wé wéébíìlì. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ fi gààrí ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn, yóò gbé e lọ sí páàkì ní Ọjọ́ọ̀, yóò fà á lé dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́, yóò kọ nọ́ńbà mọ́tò sílẹ̀, yóò gba nọ́ńbà fóònù dẹ́rẹ́bà, yóò pè mí. Dẹ́rẹ́bà náà á pè mí tó bá ti dé Bẹ́jà. Kò ní ọ́fíìsì aláfẹ́fẹ́ tútù, kò ní ọmọbìnrin tó ń fi orin síni létí, kò tiẹ̀ mọ orúkọ mi, "Mọ́mì onígààrí" ló ń pè mí. Gààrí mi ò sọnù rí. Tí mọ́tò bá takú lọ́nà, á pè mí, á ní, "Mọ́mì, mọ́tò ti takú o, ó di alẹ́." Mo ti mọ̀, màá jókòó sílé mi.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, 22 oṣù Kìíní, mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ẹ ò bá rí èrò! Obìnrin kan sanwó àga, tábìlì ni wọ́n gbé fún un. Bàbá kan ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, ife rẹ̀ nìkan ló dé. Ọmọkùnrin tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà wò mí, ó ní, "Ma, ó wà níbí pé ẹ ti gbà á." Mo ní kó wo ọwọ́ mi, ṣé ó rí ìwé níbẹ̀? Mo ní mi ò ní kúrò níbẹ̀ láìrí ọ̀gá wọn, pé mo mọ̀ pé òfin tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ti wà, tí ààrẹ buwọ́ lù lọ́dún 2019, àjọ FCCPC sì ń gba ẹ̀sùn. Ó jọ pé orúkọ àjọ yẹn ló ṣílẹ̀kùn, torí mi ò pẹ́ sí i kí n tó rí ọ̀gá.

Ọ̀gá náà kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì ní ẹ̀kọ́ ilé. Òun ló là mí lóye. Ó ní àwọn ò ní ìwé náà nílẹ̀ rí. Pé ohun tí à ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, bí ọjà Oyíngbò ló rí, àwọn kàn gba ààyè fún àwọn tó ń tà ni, ẹni tó ní ìwé wà ní Ìbàdàn, òun ló yẹ kó gbé e wá sí ibi ìkẹ́rùsí wọn. Kò gbé e wá, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò mọ̀, ó ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi láti ara ẹ̀. Mo ní, "Èyí tí wọ́n ní mo ti gbà ńkọ́?" Ó fọwọ́ nu ojú. Ó ní ọmọ tó ń fi ọ̀kadà gbé ọjà ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Iye ọjà tó bá gbé délé oníbàárà ni wọ́n fi ń sanwó fún un, tí ọjọ́ bá ti lọ tí iye náà ò pé, àwọn kan nínú wọn máa ń tẹ gbogbo èyí tó wà lórí fóònù wọn pé ó ti dé, wọ́n ní àwọn á gbé e lọ́la.

Ká sọ tòótọ́, inú ò bí mi sí ọmọ yẹn tó bó ṣe yẹ kó bí mi. Mo máa ń rí wọn lójú títì. Láti oṣù kejì ọdún 2020 tí ìjọba Èkó ti lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ títì, tiwọn ò sí lára èyí tí wọ́n lé, síbẹ̀ ẹni tó bá wọ aṣọ ìjọba á ṣì dá wọn dúró. Oòrùn wọn ni, òjò wọn ni, àpótí ńlá lẹ́yìn wọn. Ẹni tó sọ pé ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kọ́ ló ń gun ọ̀kadà. Inú afẹ́fẹ́ tútù ló jókòó sí tó fi kọ ọ́.

Ọ̀gá náà bi mí bóyá kí wọ́n dá owó mi padà. Mo ní ìwé ni mo fẹ́. Ó pe ẹni tó wà ní Ìbàdàn lójú mi. Ó tún gba ogúnjọ́.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù Kejì, aago méjì ọ̀sán, fóònù dún. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jáde síta, mo wà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí." Mo sáré jáde ní ọ́fíìsì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọ fún. Igun ìwé náà kan ti ká, àmọ́ òun ni. Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo ṣí i láti wo bí lẹ́tà ẹ̀ ṣe tóbi sí. Nígbà tí mo délé, ìyàwó lándílọ́ọ̀dù ni mo kọ́kọ́ fi hàn. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Torí èyí?" Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jẹ́ mi nígbà tí mo kí wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé e dé Abẹ́òkúta. Dókítà ti yí oògùn Bàámi padà nínú oṣù Kìíní, torí agbára tó ń ti ojú látinú ti lọ sókè. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò wọn wọ̀n ọ́n bó ṣe nípọn tó. Wọ́n ní, "Ó kọ̀wé gan-an ni o." Wọ́n gbé e lọ sí fàràǹdá. Mo ń wò wọ́n láti inú ilé. Ojú ewé àkọ́kọ́ gbà wọ́n ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n ran àwọn lọ́wọ́.

Ojú ewé mẹ́ta, mẹ́rin láàárọ̀ ni wọ́n ń kà. Wọ́n kà á títí oṣù Kẹrin fi ń lọ, kí wọ́n tó pè mí pé ìlà ti ń wọnú ara wọn. Àtìgbà náà ni mo ti ń kà á sí wọn létí lórí fóònù, aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí mo bá ti wá oúnjẹ tán. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Gẹ̀ẹ́sì Ṣóyínká kì í ṣe ohun téèyàn ń kà pẹ̀lú oorun lójú, tí mo bá sì fo ọ̀rọ̀ kan, tíṣà ti mọ̀. "Padà sẹ́yìn. Kì í ṣe ohun tó kọ síbẹ̀ nìyẹn." Nígbà tí mo sọ fún wọn bí ọ̀rọ̀ Security àti kọ̀ǹpútà ṣe jẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́, wọ́n ní ó yẹ kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Ṣóyínká kó fi kún un.

A kà á tán nínú oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Ìwé náà wà lórí pẹpẹ ní Abẹ́òkúta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì àkọ́kọ́. Bí ẹnì kan nínú yín bá fẹ́ yá a, Bàámi ní òun ò kọ̀, àmọ́ ẹ máa kọ́kọ́ kọ orúkọ yín sínú ìwé kékeré kan tó wà lẹ́bàá rédíò, pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dá a padà.